Ọ́ìlì wo ló yẹ gíábọ́ọ̀sì alùpùpù two-stroke àtijọ́? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Ọ́ìlì méjì ni alùpùpù two-stroke ń lò, ibi tí ààlà àwọn méjèèjì wà sì ni àṣìṣe ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì 2T, tí à ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù, tàbí tí à ń rọ sínú táǹkì kékeré tirẹ̀ kí pọ́ǹpù máa fà á díẹ̀díẹ̀ bá epo lọ, bí ó ṣe rí lára àwọn Yamaha tó ní Autolube àti àwọn Suzuki tó ní CCI. Ọ́ìlì yìí ń ra kíránkì àti písítíìnì bó ṣe ń kọjá lọ, ó ń jóná, ó sì ń bá èéfín jáde gba sàlẹ́ńsà. Èkejì ni ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì, tó wà nínú yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ọ́ìlì síìlì tó yí ọ̀pá kíránkì ká kò jẹ́ kó kan epo rárá. Nítorí pé eléyìí kì í bá iná pàdé, kì í tètè dúdú bí ọ́ìlì ẹ̀rọ four-stroke, ó sì rọrùn fún ẹni tó ni alùpùpù láti gbàgbé rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, títí gíà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro láti wọlé.

Ẹni tó ní Suzuki AX100, Yamaha RX100, Vespa PX tàbí ẹgbẹ́ wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bóyá èyí tó ṣì ń gùn lọ sóko, bóyá èyí tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó sì fẹ́ tún ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń fi díwọ̀n gbogbo ọ́ìlì tí wọ́n bá gbé síwájú mi: kílọ́ọ̀ṣì ló ń yan ọ́ìlì, kì í ṣe eyín gíà. Irin líle ni eyín gíà, ó sì lè fara da oríṣiríṣi ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n inú ọ́ìlì kan náà yẹn ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì rì sí, tí kọ́ọ̀kì (cork, irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò) tàbí ohun mìíràn tó rí ṣákiṣàki wà lára wọn, iṣẹ́ tiwọn sì ni pé kí wọ́n di ara wọn mú gírígírí nígbà tí a bá ti tú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọ́ìlì tó bá yọ̀ jù kò ní jẹ́ kí wọ́n di ara wọn mú. Èyí tó bá ki jù kò ní jẹ́ kí wọ́n já ara wọn sílẹ̀.

Nọ́ńbà tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta páàtì, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé gíà ọ́ìlì SAE 80 ki ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì SAE 40 lọ ní ìlọ́po méjì, pé nọ́ńbà rẹ̀ ló fi hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ọ́ìlì gíà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi kóńgò wọn gàrí tó wá fi mítà wọn aṣọ. Nígbà tí wọ́n bá mú ọ́ìlì gbóná dé 100 °C, tí wọ́n sì fi centistoke ka bó ṣe ki sí, SAE 30 ti ẹ́ńjìnnì máa ń bọ́ sáàárín 9.3 sí 12.5, SAE 40 máa ń bọ́ sáàárín 12.5 sí 16.3, SAE 80 ti gíà kì í sì í kọjá 11. Ìyẹn ni pé SAE 80 tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn ṣàn ju SAE 40 lọ. Ẹgbẹ́ SAE 30 ló wà. SAE 90 ti gíà ló tó bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 tàbí 50 dọ́gba.

Ẹni tó bá mọ èyí yóò rí i pé àwọn tó ṣe àwọn alùpùpù wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ta ko ara wọn. Yamaha kọ 10W-30 (nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki sí nígbà tó bá gbóná) sínú ìwé ọ̀pọ̀ two-stroke rẹ̀, Suzuki kọ 20W-40, Piaggio kọ SAE 30 fún Vespa, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Jámánì tó ṣe Simson S51 àti MZ sì kọ ọ́ìlì gíà kan tó bá SAE 80 òde òní mu. Bí ẹ̀rọ bá ti gbóná, ọ́ìlì Yamaha, ti Piaggio àti ti àwọn ará Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ ki bákan náà. Ti Suzuki nìkan ló fi díẹ̀ ki jù wọ́n lọ. Nítorí náà, ẹni tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí kò rí èyí gan-an tí ìwé ẹ̀rọ rẹ̀ dárúkọ kò ní láti páyà, bó bá ti mọ ohun mìíràn tó yẹ kó wò lára ike ọ́ìlì.

10W-40 ti alùpùpù àti 20W-50 ti mọ́tò

Àárín àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti yàn, nítorí pé àwọn ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Ọ́ìlì alùpùpù 10W-40 tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 (àmì òṣùwọ̀n àwọn ará Japan) sí lára jẹ́ èyí tí wọ́n ti dán wò fún kílọ́ọ̀ṣì tó ń rì sínú ọ́ìlì; lẹ́tà yẹn ni kí ẹ wá kí ẹ tó wo àwòrán tó wà níwájú ike náà. Bí ẹ bá rí MB, ẹ dá a padà, nítorí ti àwọn skúta tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ń ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ ni ìyẹn. Bí wọ́n bá sì kọ “four-stroke” gàdàgbà sára ike náà, kò túmọ̀ sí pé kò bá alùpùpù yín mu: gíábọ́ọ̀sì ni ẹ fẹ́ rọ ọ́ sí, gíábọ́ọ̀sì ò sì mọ iye ìgbà tí písítíìnì ń gòkè tó ń sọ̀.

20W-50 ti mọ́tò kì í sábà ní lẹ́tà JASO kankan lára, síbẹ̀ ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú AX100. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn èròjà tí wọ́n ń fi sínú ọ́ìlì mọ́tò ìgbàlódé kí irin lè máa yọ̀ bọ̀rọ́, kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀, inú àwọn ọ́ìlì tó ṣàn ni wọ́n sábà máa ń wà, irú 0W-20, 5W-30, àti àwọn 10W-30 kan. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn kí ẹ wo àmì róbótó API, àjọ elépo ti Amẹ́ríkà: bí wọ́n bá kọ “Resource Conserving” tàbí “Energy Conserving” sí apá ìsàlẹ̀ róbótó náà, ọ̀tá kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ike 20W-50 kì í ní in.

Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àna mi kan ní ọ́ìlì 5W-30 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n sáfíìsì mọ́tò rẹ̀, ọ́ìlì olówó gọbọi tó mọ́ bí oyin, ó sì fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé kí n rọ ọ́ sínú AX100 mi. Fún ọjọ́ méjì, gíà ń wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ bọ́tà, inú mi sì ń dùn. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé ènìyàn kan àti àpò gàrí rẹ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláàyè, níbi tí òkè ti ń tẹ̀lé òkè, mo fún un ní iná, ẹ̀rọ ń ké tantan, ṣùgbọ́n alùpùpù ń rìn bí ìgbín. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó tú kọ́fà, ó yọ àwo kílọ́ọ̀ṣì kan, ó fi àkísà nù ún, ó sì fi èékánná ìka àtàǹpàkò họ ojú rẹ̀. Ó ti dán bí ọmọ ọlọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rọ sínú ẹ̀rọ yìí?” A dà á nù, a fi 20W-50 fọ̀ ọ́, a tún dà á nù, a rọ òmíràn, ó ṣì ń yọ̀ lórí òkè, nígbẹ̀yìn, mo ra àwo tuntun. Owó àwo kílọ́ọ̀ṣì yẹn ì bá ra ọ́ìlì tó tọ́ tí mi ò ní lò tán lọ́dún méjì.

Ibi tí 20W-50 ti rẹ̀yìn sí 10W-40 ni àárọ̀ kùtù, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ óò ta kíkì, ẹ óò fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ óò tẹ gíà kìíní, alùpùpù náà yóò sì fò síwájú bí ẹṣin tí wọ́n ta ní kẹ́sẹ́, nítorí pé ọ́ìlì tó ki ti lẹ àwọn àwo pọ̀ mọ́ra lóru. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ fi í sí gíà kejì, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì tì í síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọn yóò já ara wọn sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Nínú ẹ̀rọ tó ti gbó, tí béárìn rẹ̀ ti ń hó díẹ̀, tó sì ń ru ẹrù lọ́sàn-án gangan, 20W-50 máa ń dákẹ́ ju 10W-40 lọ. Ẹ tún rántí pé ohun tó mú kí 10W-40 lè ṣàn ní òwúrọ̀ kó sì ki ní ọ̀sán ni èròjà gígùn bí òwú kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, eyín gíà sì ni í máa ń gé òwú náà wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà díẹ̀, 10W-40 tí kò dúdú, tí kò dọ̀tí, lè ti di 30 láìjẹ́ pé ojú rí i. Àkókò ló ń pa ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì, kì í ṣe àwọ̀.

SAE 30 àti gíà ọ́ìlì SAE 80

Ẹni tó ní Vespa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. 250 ml péré ni gíábọ́ọ̀sì Vespa PX ń gbà, ìwọ̀n tí kò kún ìgò kóòkì kékeré, inú ìwọ̀nba yẹn sì ni gíà àti kílọ́ọ̀ṣì ti ń pín oúnjẹ. SAE 30 ni Piaggio ní kí a lò, irú èyí tí kò ní èròjà ìfọ̀dọ̀tí púpọ̀. Nínú ẹ̀rọ mọ́tò, èròjà ìfọ̀dọ̀tí ń gbé ìdọ̀tí kiri kí fílítà lè mú un. Gíábọ́ọ̀sì Vespa kò ní fílítà, nítorí náà ó sàn kí ìyẹ̀fun irin àti ti kọ́ọ̀kì rọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ títí ọjọ́ tí a ó dà á nù. Àwọn tó ní Vespa ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rí SAE 30 rà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì ẹ̀rọ ìgékoríko. Nílé, SAE 40 ló wọ́pọ̀ jù, mi ò sì rí i kó ba Vespa jẹ́ nínú ooru wa, bí kò ṣe pé kílọ́ọ̀ṣì máa ń lọ́ra láti jáwọ́ ní àárọ̀.

Gíà ọ́ìlì SAE 80 dára fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un. Simson S51 ń gbà 0.4 lítà, MZ ETZ 250 ń gbà 0.9 lítà, kílọ́ọ̀ṣì àwọn méjèèjì sì ń rì sínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. GL-4 ni kí ẹ mú. GL-5, tó kún ọjà nítorí gíà ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ní èròjà imí-ọjọ́ àti fọsifọ́ọ̀sì tó pọ̀ gan-an, tí ń lẹ̀ mọ́ irin kí ẹrù ńlá má baà lọ̀ ọ́. Bí èròjà yẹn bá gbóná, ó lè máa jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀, idẹ sì ni wọ́n fi ṣe àwọn bọ́ọ̀ṣì kan nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ó tún ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá sọ pé GL-5 ju GL-4 lọ nítorí pé márùn-ún ju mẹ́rin lọ, ẹ kí i kí ẹ sì kọjá.

Láàárín SAE 30 àti SAE 80 GL-4, nínú ẹ̀rọ Japan tàbí ti Ítálì, èmi yóò mú SAE 30. Nínú ti Jámánì, SAE 80. Ìyàtọ̀ tí ẹsẹ̀ yóò mọ̀ lórí gíà kò tó nǹkan.

ATF

Ọ́ìlì pupa tí wọ́n ṣe fún gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì ni, àwọn tó ń fi two-stroke sáré ìje nínú ẹrẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ṣàn, kílọ́ọ̀ṣì sì máa ń jáwọ́ wàrà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dà á nù lẹ́yìn ìje kan tàbí méjì. Fún ẹni tó ń gbé èrò lójoojúmọ́, ó ṣàn jù.

Àwọn tí kò yẹ kó débẹ̀ rárá

Ọ́ìlì 2T ni àkọ́kọ́. Wọ́n ti ṣe é kó ṣàn kó lè tètè dà pọ̀ mọ́ epo, kó sì jóná. Kò sí ohun tó mú un mọ bí a ṣe ń dáàbò bo eyín gíà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù ló sábà máa ń rọ ọ́ sí gíábọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n gbọ́ pé “two-stroke ni, ọ́ìlì two-stroke ni kó o fi sí i.” Èkejì ni kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì tí wọ́n dà kúrò nínú mọ́tò tí wọ́n sì sẹ́ sínú ike omi. Òótọ́ ni pé ó ki, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n èérí iná àti ìyẹ̀fun irin ẹ̀rọ ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìgò kékeré tí wọ́n ń polówó pé ó ń “tọ́jú” ẹ̀rọ: ohun tó bá ń mú kí irin yọ̀ yóò mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó yàn, ẹ wo èyí tó jáde

Ọ́ìlì àtijọ́ lè sọ fún yín pé kì í ṣe ọ́ìlì tuntun ni ìṣòro yín. Ẹ gun alùpùpù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì gbóná, kí ìdọ̀tí sì gbéra nílẹ̀. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí òkè, ibi tí ẹ óò ti rọ tuntun, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ṣeé tú kí ẹ tó sọ gíábọ́ọ̀sì di òfìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abọ́ funfun sábẹ́, kí ẹ sì tú bóòtì ìsàlẹ̀. Abọ́ dúdú kò wúlò níbí, nítorí kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan.

Bí ọ́ìlì bá jáde ní àwọ̀ tíì onímílíìkì, omi ti wọlé. Bóyá láti inú àgbàrá tí ẹ là kọjá, bóyá láti ọwọ́ ọmọ tó fi páìpù omi líle fọ̀ ọ́. Ẹ rọ ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú, ẹ gùn ún díẹ̀, kí ẹ tún dà á nù kí ẹ tó fi èyí tó dára sí i. Bó bá ṣàn bí omi, tó ń rùn bí bẹntiróòlù, tó sì pọ̀ ju èyí tí ẹ rọ sí i lọ, epo ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ́ìlì síìlì kíránkì ní apá kílọ́ọ̀ṣì kọjá. Òdìkejì rẹ̀ ni pé ọ́ìlì ń dínkù láìsí ibi tó ń jò sí, sàlẹ́ńsà ń tú èéfín funfun ràkọ̀ràkọ̀, púlọ́ọ̀gì sì ń tutù fún ọ́ìlì: ẹ̀rọ ti ń fa ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì mu gba ojú síìlì yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ti rò pé 2T àwọn ló pọ̀ jù, tí wọ́n dín in kù, tí wọ́n sì jó písítíìnì wọn. Kò sí ọ́ìlì kan nínú gbogbo èyí tí mo ti fi wéra tó lè wo àìsàn yìí. Síìlì ni kí ẹ pààrọ̀.

Ìyẹ̀fun irin tó ń dán bí èròjà tí obìnrin fi ń ṣe ojú lóge kò burú, pàápàá bí bóòtì bá ní òòfà lórí. Ẹ fi ìka méjì pa á. Bí ó bá gún ìka, tàbí tí ẹ rí èyí tó tó èékánná ọmọdé, eyín gíà kan tàbí béárìn kan ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ fi wáṣà tuntun sí bóòtì kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ má sì fi agbára tí ẹ fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà dè é, nítorí alumíníọ̀mù ni ara ẹ̀rọ náà, tẹ̀ẹ̀dì rẹ̀ kì í sì í dáríjì. Ẹ wọn ọ́ìlì tuntun kí ẹ tó rọ ọ́. Lára àwọn ẹ̀rọ Japan kan, wọ́n kọ iye rẹ̀ sára kọ́fà. Àwọn mìíràn ní ọ̀pá ìwọ̀n tàbí skúrù kékeré tí ọ́ìlì gbọdọ̀ dé ojú rẹ̀. Ti Vespa ló rọrùn jù: ihò tí à ń gbà rọ ọ́ náà ni ìwọ̀n, nígbà tí ọ́ìlì bá ti dé ẹnu rẹ̀ tó fẹ́ máa kán, ó tó. Bí ẹ bá rọ ọ́ jù, yóò wá ibi tí yóò gbà jáde, ó sì lè jẹ́ ibi tí bíréèkì wà.

Bí èmi yóò ṣe yàn

Fún AX100 tàbí RX100 tó ń ṣiṣẹ́ okada tàbí tó ń ru kòkó, 20W-50 láti ọwọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, nínú ike tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 2,500 sí 3,000 kìlómítà. Fún èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí àwo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ẹ kì í sì í gùn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, ẹ fi 10W-40 JASO MA sí i. Ẹ dà á nù lẹ́yìn 500 kìlómítà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹ kò tilẹ̀ gùn ún jìnnà. Kí ẹ tó to àwọn àwo tuntun náà sínú ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ rì wọ́n sínú ọ́ìlì kan náà mọ́jú. Fún Vespa, SAE 30 bí ẹ bá rí i, SAE 40 bí ẹ kò bá rí i. Lítà kan yóò pààrọ̀ ọ́ìlì Vespa lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nítorí náà ẹ dé ike náà pa dáadáa, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí lára, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò ní sí ẹni tí yóò rò pé òróró ìdáná ni.